Wọ́n Ní Eegun Ẹ̀yìn Mi Ti Jẹ: Ìdáhùn Físíò fún Oníṣòwò Kan ní Dei-Dei

Ọmọ Yorùbá kan tó ń ṣòwò ní Abuja ló kọ̀wé sí mi. Mo gé lẹ́tà rẹ̀ kúrú díẹ̀, mo sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ẹni ọdún 51, Kubwa ni mò ń gbé, mo sì ń ta táìlì ní ọjà Dei-Dei. Ó ti di oṣù márùn-ún báyìí tí mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé páálí táìlì kan, ni ẹ̀yìn mi bá há. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ìrora náà gba ìdí sọ̀kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ òsì títí dé ọrùn ẹsẹ̀. Kẹ́míìsì gún mi ní abẹ́rẹ́ méje. Ìyàwó mi ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, mo mu àgbo rẹ̀. Wanzami kan fi ìwo fa ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn mi, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní kaho. Lẹ́yìn náà mo ya X-ray, wọ́n kọ 'lumbar spondylosis' sí i. Ẹni tó kà á fún mi ní eegun ẹ̀yìn mi ti jẹ, pé n kò gbọdọ̀ gbé nǹkan mọ́, kí n máa sùn sórí ilẹ̀, kí n máa de bẹ́líìtì, kí n sì máa jókòó sórí àga kírun. Ẹsẹ̀ ti fúyẹ́ báyìí, àmọ́ ẹ̀yìn ṣì ń ro mí, pàápàá láàárọ̀. Nígbà tí a lọ tọrọ ìyàwó fún àbúrò mi lóṣù tó kọjá, èmi nìkan ni n kò lè dọ̀bálẹ̀ láàárín àwọn ọkùnrin ilé wa. Ojú tì mí gan-an. Àbúrò mi mìíràn ní ká kó owó jọ kí n lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ní Íńdíà. Ṣé kí n lọ? Ṣé òótọ́ ni pé eegun mi ti jẹ?"

Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín, ẹ kú ìfaradà. Ẹ jẹ́ kí n fi ìdáhùn ṣáájú àlàyé: bí ọ̀rọ̀ bá rí bí ẹ ṣe kọ ọ́ yìí gẹ́lẹ́, eegun yín kò jẹ, ẹ má sì tíì ná kọ́bọ̀ lórí Íńdíà. Ohun tó kù ni pé n kò tíì fọwọ́ kàn yín. Físíò ni mí, ẹni tó ń fi ọwọ́ àti eré ìdárayá tọ́jú eegun àti iṣan, n kì í ṣe dókítà bí gbogbo Abuja ṣe ń pè wá, iṣẹ́ ojú àti iṣẹ́ ọwọ́ sì ni iṣẹ́ wa. Nítorí náà, kí ẹ tó gba ọ̀rọ̀ mi mú, ẹ dáhùn àwọn ìbéèrè kan fún ara yín ná.

Ká ní ẹ jókòó níwájú mi ni, ìbéèrè àkọ́kọ́ kò ní kan ẹ̀yìn rárá. Màá bi yín bóyá ìtọ̀ ń jáde geerege, bóyá ẹ ń mọ̀ ọ́n lára nígbà tí ẹ bá ń fi omi bútà ṣan ìdí lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀, bóyá ẹsẹ̀ kan ló ń ṣe yín àbí méjèèjì. Okùn tó wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn kì í dé ìsàlẹ̀. Òkè ìbàdí ló ti máa ń parí, ibẹ̀ sì ni àwọn nẹ́ẹ̀fù, ìyẹn àwọn fọ́nrán tó ń gbé ìmọ̀lára àti àṣẹ káàkiri ara, ti máa ń tú sílẹ̀ bí irun ìrùkẹ̀rẹ̀. Ìrù ẹṣin náà ni àwọn dókítà fi sọ ọ́ lórúkọ ní èdè Látìnì. Àwọn fọ́nrán yìí ló ń ṣọ́ ìtọ̀, ìgbẹ́ àti nǹkan ọkùnrin. Bí ohun kan bá tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ lójijì, ìtọ̀ á há tàbí kó máa dà fúnra rẹ̀, abẹ́ àti àárín itan á kú bí ẹnu ẹni tí wọ́n fẹ́ yọ eyín fún, ẹsẹ̀ méjèèjì á sì rọ. Irú èyí kò gbọdọ̀ sun ilé mọ́jú. Wákàtí ni wọ́n fi ń ka àkókò rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́. Mo ti tọ́jú ẹni tó fi ọjọ́ mẹ́rin dúró sílé kó tó wá. Ó padà rìn, ṣùgbọ́n rọ́bà ìtọ̀ kò kúrò lára rẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni màá béèrè ibà, òógùn òru, àti bóyá aṣọ yín ṣàdédé ń tóbi sí yín lára. Ikọ́ ife kì í gbé inú ẹ̀dọ̀fóró nìkan, ó máa ń wọ eegun ẹ̀yìn, ó sì máa ń jẹ ẹ́ ní tòótọ́. Percivall Pott, oníṣẹ́ abẹ kan ní London, ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1779, orúkọ Pott yìí náà ni wọ́n ṣì ń pe àrùn náà títí dòní. Àwa tí a wà ní Òkè Ọya tún ní tiwa lọ́tọ̀: bí ẹ bá fẹ́ràn fura pẹ̀lú nono tí iná kò kàn, ẹ sọ fún dókítà. Wàrà màlúù tútù lè gbé kòkòrò brucella wọ ara, ibà á máa lọ á máa bọ̀, oríkèé àti ẹ̀yìn á máa ro, wọ́n á sì máa fi oògùn ibà ẹ̀fọn lé e kiri fún oṣù bíi mélòó kan. Ọkùnrin tó bá ti lé ní 50, tí ẹ̀yìn ń dùn lóru, tí ìrora náà kò sì bìkítà bóyá ó dùbúlẹ̀ tàbí ó dìde, kó lọ yẹ prostate rẹ̀ wò, ìyẹn kókó tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin. Ẹlẹ́jẹ̀ SS, ẹni tí jẹjẹrẹ ti ṣe rí, ẹni tó ti ń lo oògùn steroid láti ọjọ́ pípẹ́, ẹni tó já bọ́ lórí ọ̀kadà, gbogbo wọn ní láti rí dókítà kí wọ́n tó rí èmi.

Ẹ kò mẹ́nu kan ìkankan nínú wọn. Ìyẹn gan-an ni bó ṣe máa ń rí: nínú ènìyàn 10 tí ìbàdí ń dùn, bíi 9 ni a kì í rí àrùn kan pàtó tó fà á.

Ó wá kan X-ray. Eegun 33 ni wọ́n bí mọ́ wa nínú ọ̀pá ẹ̀yìn. Àwọn ti ìsàlẹ̀ máa ń lẹ̀ pọ̀ bí a ṣe ń dàgbà, á wá ku 24 tó ń yí. Márùn-ún nínú wọn ló wà ní ìbàdí, àwọn ló sì tóbi jù nítorí pé àwọn ló ru gbogbo òkè ara. Láàárín eegun kan sí èkejì ni tìmùtìmù kan wà tí wọ́n ń pè ní dísìkì. Etí rẹ̀ yi bí awọ, inú rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ tó dì. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, omi inú rẹ̀ á máa dínkù, á fẹ́lẹ́, eegun tó wà lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀ á sì hu etí díẹ̀díẹ̀ síta. Èyí ni X-ray yín rí. Spondylosis kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ní eegun yín ti jẹ tilẹ̀ sọ ọ́ sódì, nítorí bí a bá fẹ́ sọ òótọ́, díẹ̀ ló lé sí i.

Ní 2015, àwọn oníwádìí kó àwòrán CT àti MRI ènìyàn 3,110 jọ, gbogbo wọn jẹ́ ẹni tí ẹ̀yìn kò dùn rárá. Nínú àwọn ẹni 20 ọdún, 37 nínú 100 ni dísìkì wọn ti ń gbó. Nínú àwọn ẹni 50 ọdún, 80 nínú 100. Láàárín àwọn ẹni 80 ọdún, ó ti di 96. Ká ní ẹ ti ya àwòrán yìí lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ẹ ṣì ń gbé páálí láìronú, ó ṣeé ṣe kó rí bó ṣe rí yìí náà. Ewú ni, ẹ̀gbọ́n, ewú tó hù sínú. Ṣé ewú orí yín ń dùn yín?

Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀. Mo ti rí i tí ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, "ó ti jẹ", fọ́ ènìyàn tí páálí táìlì kò lè fọ́. Ọkùnrin tó ń gun àjà ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ di ògiri mú kó tó jókòó. Ìyá tó ń gún iyán á fi odó sílẹ̀. Ọkọ àti aya á pín yàrá. Inú ń bí mi sí ẹni tó kà á fún yín bẹ́ẹ̀, n kò ní fi bò. Ó yẹ kí wọ́n máa bu owó ìtanràn lé gbólóhùn yẹn.

Kí ló wá ṣe yín nígbà náà? Bí mo ṣe rí i nínú lẹ́tà, dísìkì kan ní ìsàlẹ̀ ìbàdí ló yọ ikùn síta, ó fara kan nẹ́ẹ̀fù, nẹ́ẹ̀fù náà wú. Dísìkì méjì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ jù lọ, àwọn nẹ́ẹ̀fù tó sì ń ti agbègbè yẹn jáde ló ń para pọ̀ di sciatic, èyí tó nípọn tó àtàǹpàkò, tó gba àárín ìdí lọ sí ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹ̀yìn ló há, ẹsẹ̀ ló ń ké. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé bí ẹ bá sín tàbí kí ẹ húkọ́ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn, ńṣe ni ó máa ń ta dé ìsàlẹ̀. Ohun tí àwọn ènìyàn kò mọ̀ ni pé ara fúnra rẹ̀ máa ń jẹ ibi tó yọ síta yẹn padà, díẹ̀díẹ̀, láàárín oṣù mélòó kan. Pé ẹsẹ̀ ti fúyẹ́, tó ku ìbàdí nìkan, àmì dáadáa ni. Ìrora tó bá ń fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ bọ̀ wá sí ìbàdí, ilé ló ń lọ.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ fi Íńdíà sílẹ̀ nìyẹn. N kò bú iṣẹ́ abẹ o. Láti 1934 tí Mixter àti Barr ní Boston ti fi hàn pé dísìkì lè tẹ nẹ́ẹ̀fù, pé a sì lè fi abẹ tú u sílẹ̀, ó ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ ìrora. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ ṣe é, kì í ṣe ìbàdí tó ń ro. Ní ilẹ̀ Netherlands, wọ́n gbé àbájáde kan jáde ní 2007 lórí ènìyàn 283 tí ìrora ẹsẹ̀ wọn le gan-an. Wọ́n tètè ṣe iṣẹ́ abẹ fún apá kan, wọ́n ní kí apá kejì ṣe sùúrù ná, bí kò bá lọ kí wọ́n tó gé e. Àwọn tí wọ́n tètè gé yára rí ìtura. Nígbà tó pé ọdún kan, 95 nínú 100 ló ti gbádùn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ̀yin tí ẹsẹ̀ yín ti fúyẹ́ láìrí abẹ, kí ni wọ́n fẹ́ gé? Bó bá sì di dandan lọ́jọ́ iwájú, pé ẹsẹ̀ ń rọ tàbí ìrora rẹ̀ padà tí kò lọ, àwọn oníṣẹ́ abẹ tó mọ̀ ọ́n wà nílẹ̀ yìí. Ẹni tó wà ní Kano mọ Dala, ilé ìwòsàn eegun, Igbobi ti àwa ará Òkè Ọya.

Ẹ ó wá bi mí pé, bí dísìkì bá ti ń sàn, kí ló dé tí ẹ̀yìn ṣì ń ro ní oṣù karùn-ún? Ibí ni ọ̀rọ̀ wà, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ẹ wo máígáàdì kan ní Kubwa tí olè wọ ọgbà tó ń ṣọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láti ọjọ́ náà, ológbò kò gbọdọ̀ gun fẹ́ǹsì, fèrè ni. Ewé máńgòrò kò gbọdọ̀ já, fèrè ni. Fèrè tó ń fọn kì í ṣe irọ́, gbogbo ilé ń gbọ́ ọ, gbogbo ilé ń jí. Olè nìkan ni kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ara ṣe máa ń ṣọ́ ẹ̀yìn tó ti há rí. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ewu wà, ìkìlọ̀ náà sì wúlò. Nígbà tó yá, ewu lọ, ìkìlọ̀ kò lọ. Ẹ kàn fẹ́ mú bàtà nílẹ̀, ó ti fọn. N kò sọ pé àròsọ ni ìrora yín. Ó ń dùn yín lóòótọ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé dídùn rẹ̀ kò túmọ̀ sí pé nǹkan ń bàjẹ́.

Kí ló ń bọ́ irú máígáàdì bẹ́ẹ̀? Àìsùn, ìrònú owó, ìjókòó sójú kan, àti ìbẹ̀rù ju gbogbo rẹ̀ lọ. Gbogbo "má ṣe" tí wọ́n kó fún yín, má bẹ̀rẹ̀, má gbé, má forí kanlẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń sọ fún un lójoojúmọ́ pé olè ṣì wà nínú igbó. Ẹran ara ẹ̀yìn tí wọ́n ní kó sinmi yẹn á rọ, á máa tètè rẹ̀ ẹ́, á sì tún máa dùn sí i. Láti 1986 ni ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà ti fi ẹni tó sinmi lórí bẹ́ẹ̀dì fún ọjọ́ 2 wé ẹni tó sinmi fún ọjọ́ 7. Ọjọ́ iṣẹ́ tí àwọn ọlọ́jọ́ 2 pàdánù kéré sí ti àwọn yòókù, ara wọn kò sì burú jù tiwọn lọ.

Ẹ jẹ́ ká tú àpò ìtọ́jú yín wò, nítorí owó ti lọ síbẹ̀.

Abẹ́rẹ́ kẹ́míìsì ló ń já mi láyà jù. Bóyá diclofenac ni wọ́n gún, bóyá wọ́n fi steroid lù ú, ẹ kò mọ̀, ẹni tó gún un náà lè má lè sọ. Sciatic tí mo dárúkọ lókè yẹn gba àárín ìdí kọjá, abẹ́rẹ́ tó bá ṣì ọ̀nà lè pa á lára. Mo ti rí àwọn ọmọdé tí ẹsẹ̀ wọn ń wọ́ nílẹ̀ nítorí abẹ́rẹ́ ibà lásán. Diclofenac tàbí ibuprofen oníhóró lè bá yín dín ìrora kù fún ọjọ́ díẹ̀ tó bá le, lẹ́yìn oúnjẹ, bí ẹ kò bá ní ọgbẹ́ inú, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn kíndìnrín. Ẹ má sọ ọ́ di oúnjẹ. Paracetamol tí gbogbo wa gbára lé? Ìwádìí tí wọ́n ṣe fún ènìyàn 1,652 ní Australia, tó jáde ní 2014, fi hàn pé kò mú kí ìbàdí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ há sàn kíákíá ju hóró tí kò ní nǹkan nínú lọ. Ẹ kò kọ tramadol, oògùn ìrora líle yẹn, sínú lẹ́tà, ṣùgbọ́n mo mọ Dei-Dei, mo mọ ohun tí àwọn alábàárù ń jù sẹ́nu kí wọ́n tó gbé ẹrù. Àwọn oògùn ìdílé rẹ̀ náà ni wọ́n dán wò ní Australia yìí kan náà, àbájáde jáde ní 2023: kò ran ìbàdí lọ́wọ́ ju hóró òfìfo lọ. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe dájú ni kó di bárakú.

Jẹ̀díjẹ̀dí ńkọ́? Ẹ bá mi bẹ ìyàwó yín kó má bínú. Ìyá tó bí mi gan-an ní ṣúgà ló ń fa ìbàdí ríro, ó sì di ẹ̀yìn ọdún mẹ́wàá nínú iṣẹ́ yìí kí n tó lè bá a jiyàn. Òpó ẹ̀jẹ̀ tó wú ní ihò ìdí ni ọ̀pọ̀ ohun tí à ń pè ní jẹ̀díjẹ̀dí. Ó lè ṣẹ̀jẹ̀, ó lè yọ síta, kì í fa ẹ̀yìn ríro. Ṣùgbọ́n mo rí ibi tí wọ́n ti pàdé ara wọn: ẹni tí ìgbẹ́ rẹ̀ le tó ń rinkinkin á máa ti dísìkì lábẹ́, ẹ̀yìn á sì ta á. Bí àgbo bá wá ṣí i nínú, yóò ní ẹ̀yìn náà fúyẹ́. Ẹ jẹ ẹ̀fọ́, ẹ jẹ ẹ̀wà, ẹ mu omi dáadáa, ẹ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àgbo. Mímu àgbo mọ́ diclofenac ni kí ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀ lónìí, nítorí kíndìnrín kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbà kọjá.

Kaho: ara lè tù yín fún ọjọ́ kan, méjì, n kò bá yín jà lórí ìyẹn. Abẹ tí wanzami fi sín yín ni mo fẹ́ mọ̀. Bó bá jẹ́ èyí tó fi sín ẹlòmíràn ni, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún hepatitis B àti HIV. Bẹ́líìtì, ẹ lè dè é lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀, ẹ má fi sùn, ẹ má fi rìn kiri. Ti sísùn sórí ilẹ̀ tilẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀. Ní Spain, wọ́n pín ènìyàn 313 sórí fóòmù líle àti èyí tó le níwọ̀nba. Àwọn tó sùn sórí oníwọ̀nba ló gbádùn jù, 2003 ni àbájáde rẹ̀ jáde. Ẹ padà sórí bẹ́ẹ̀dì yín, ẹ̀gbọ́n. Àwọn tó ń ta fóòmù tó le bí pákó ní owó gọbọi kò ní fẹ́ràn mi.

Kí ni kí ẹ wá ṣe? Ìrìn lẹ ó fi bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ti kírun àsùbáà tán, kí oòrùn Abuja tó mú, ẹ má wọ mọ́tò. Ẹ rìn fún ìṣẹ́jú 10. Ọjọ́ mẹ́ta sí i, ẹ fi ìṣẹ́jú méjì lé e. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa ṣe títí yóò fi pé 30, lẹ́ẹ̀márùn-ún lọ́sẹ̀. Ó dà bí ohun tí kò tó nǹkan, àbí? Ìwádìí kan tó jáde ní 2024, ó lé ní 700 ènìyàn tí ìbàdí wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ sàn, wọ́n kọ́ apá kan ní ìrìn báyìí, wọ́n sì là wọ́n lọ́yẹ̀ nípa ìrora. Ọjọ́ 208 ni wọ́n lò kí ìrora tó tún yọjú, nígbà tí àwọn tí wọn kò ṣe nǹkan fún lo 112. Kò sí abẹ́rẹ́ kẹ́míìsì tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ti ìforíkanlẹ̀, ẹ jẹ́ ká gbà á padà. Ti ẹ̀sìn, áàfáà yín ló ni ín. Ti ara, kò sí ohun tó léwu nínú rẹ̀, àní eré ìdárayá gidi ni. Lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ kúnlẹ̀ kí ẹ fọwọ́ tẹlẹ̀ bí ọmọ tó ń rákò. Ẹ rọra fa ìdí sẹ́yìn lọ bá gìgísẹ̀, ẹ mí síta, ẹ padà. Lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárọ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lálẹ́. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹ ṣe é lórí ẹní. Lọ́sẹ̀ kẹta, ẹ fi ìrun kan lójúmọ́ dán an wò láìlo àga, kí ẹ máa fi ọ̀kọ̀ọ̀kan lé e. Yóò dùn yín díẹ̀. Òṣùwọ̀n tí mo fi ń kọ́ àwọn ènìyàn nìyí: bí ìrora tó pọ̀ sí i bá ti rọlẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ẹ ń bá a lọ, bí kò bá rọlẹ̀, ẹ padà sí ibi tí ẹ wà tẹ́lẹ̀ fún ọjọ́ méjì, ẹ má fi í sílẹ̀. Àmọ́ bó bá tún ń sọ̀kalẹ̀ wọ ẹsẹ̀ bọ̀, ẹ dúró, kí ẹ lọ rí físíò lójúkojú. Ilé ìwòsàn ìjọba ńláńlá ní wa. National Hospital àti ti Gwagwalada ní ẹ̀ka wa. Bí ẹ bá wà lórí ètò NHIA, ìyẹn adójútòfò ìlera ti ìjọba, ẹ béèrè iye ìgbà tí wọ́n máa san fún.

Ẹ tún gbọdọ̀ padà gbé táìlì. Mo mọ̀ pé èyí ló máa já yín láyà. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ gbé ẹyọ kan láti orí tábìlì sí orí tábìlì, kí ẹ fà á mọ́ àyà. Nígbà tó bá yá, mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, ìlàjì páálí láti orí àga, kí ó tó wá di láti ilẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ bó bá ṣe rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ fi orúnkún ràn án lọ́wọ́. Ẹ má mí sínú pa mọ́, ẹ má ṣe gan bí òpó. Àwọn mai ruwa tó ń fi ọmọlanke ti jálá oní-lítà 25 kọjá níwájú ilé yín, omi kílò 25 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn kò bí ẹ̀yìn wọn yàtọ̀ sí tiyín. Ó ti mọ́ ọn lára ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá, páálí kan kò yẹ kó jẹ́ ìṣòro. Ìkẹwàá lóòjọ́, ẹ pe alábàárù. Ìyẹn kì í ṣe ìbẹ̀rù, ọjọ́ orí ni.

Bí ẹ bá ń lọ sílé ní Iléyá, ẹ sọ fún awakọ̀ kó tó gbéra pé ẹ ó máa sọ̀ kalẹ̀. Láti Abuja dé Lọ́kọ́ja nìkan ti tó láti mú kí ìbàdí ẹni tí kò ṣàìsàn gan. Ní wákàtí kan ààbọ̀ síra, ẹ bọ́ sílẹ̀, ẹ rìn yí mọ́tò ká, ẹ tẹ ẹ̀yìn sẹ́yìn díẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún. Gbigbọ̀n ọkọ̀ àti ìjókòó pípẹ́ lè dun ẹ̀yìn tó ń sàn.

Ẹ ní ojú tì yín níbi ìtọrọ. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé ènìyàn mílíọ̀nù 619 ni ìbàdí ń dùn káàkiri ayé ní 2020. Ó dá mi lójú pé ju ẹyọ kan lọ nínú wọn ló wà nínú agbo ìdílé ìyàwó lọ́jọ́ náà. Ẹ tún ní ìtọrọ ni ẹ lọ, ìgbéyàwó gan-an ṣì ń bọ̀. Ọjọ́ yẹn ni ká fi sójú.

Báyìí lẹ ó ṣe máa kọ́ ọ nílé láti ọ̀sẹ̀ kẹrin lọ. Ẹ fi orúnkún òsì balẹ̀ kọ́kọ́, lẹ́yìn náà ọ̀tún. Ẹ na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ẹ rìn wọ́n lọ díẹ̀díẹ̀, kí ikùn tó balẹ̀, kí àyà tẹ̀ lé e. Ẹ má já ara sílẹ̀ gbì bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń ṣe. Nígbà tí ẹ bá ń dìde, ẹ fi ọwọ́ ti ilẹ̀, kí ẹ fa ìdí sẹ́yìn lọ bá gìgísẹ̀, bíi ti orí bẹ́ẹ̀dì yẹn, ẹ gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ẹ fi ọwọ́ tẹ orúnkún rẹ̀ dìde. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ sinmi lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ẹ dúró sí ìparí ìlà, ní ọwọ́ òsì, kí àyè lè gbà yín, nítorí alága ìjókòó àwọn ẹlòmíràn kì í ṣàánú: ó lè ní kí ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì.